Ẹnu mi ń kọrin, ọkàn mi kò sí níbẹ̀ mọ́

Olórin_Ìperu | Ọjọ́ Ajé, 5:48 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò dá sí i rí. Lónìí mo ní láti sọ tèmi, torí n kò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé.

Ìperu ni mò ń gbé. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá ti mọ́, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé, èmi ni mo ń to ìwé orin sórí àga, èmi ni mo ń dá orin. Àwọn ènìyàn máa ń sunkún bí mo bá ń kọrin. Lẹ́yìn ìsìn wọ́n á dì mọ́ mi, wọ́n á ní, "Màmá, Ọlọ́run lò yín lónìí." Màá rẹ́rìn-ín, màá dúpẹ́. Bí mo bá délé, màá bọ́ aṣọ akọrin kọ́, màá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, n kò ní rí nǹkan kan nínú mi. Kì í ṣe pé inú mi bàjẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ti ife bọ inú àmù, tó rò pé omi wà níbẹ̀, tí ìdí ife wá kan ìdí àmù.

Mo ń ka Bíbélì, bí ẹni ń ka ìwé owó iná ni. Bí mo bá kúnlẹ̀, "Baba a dúpẹ́, Baba a dúpẹ́" ni títí oorun á fi gbé mi lọ. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. N kò fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, n kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti dé ibi tí mo wà yìí rí? Báwo lẹ ṣe ṣe é?

Orí_Òkè_Àdúrà (Ìkẹ́nnẹ́) | 6:20 àárọ̀

Arábìnrin, ọ̀rọ̀ yín kò ṣòro. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ló wà níbẹ̀. Aísáyà 59:2 sọ pé àìṣedéédéé yín ni ó yà yín kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run yín. Ẹ wá a rí, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, kí ẹ sì gun orí òkè. Mo ṣe é ní 2016, mo mọ ohun tí mò ń wí.

Ọmọ_Ògèrè | 6:31 àárọ̀

Màmá, mo ti wà níbẹ̀ rí. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Inú ọkọ̀ ni mo wà báyìí, n kò lè kọ púpọ̀. Màá padà wá.

Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù | 7:05 àárọ̀

Ẹ kú ìnira, Màmá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé ni, oorun ń kùn mí, ṣùgbọ́n n kò lè ka ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yẹn kí n dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ka Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 19 dáadáa. Orí òkè Kámẹ́lì ni Èlíjà ti ń bọ̀. Iná ti bọ́ láti ọ̀run, òjò ti rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, iṣẹ́ ńlá ti parí. Jésíbẹ́lì ránṣẹ́ ikú sí i, ó sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi juniperi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Kí ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un? Oorun. Ó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní, "Dìde, jẹun." Àkàrà wà lórí ẹ̀yín iná, orù-omi wà lẹ́bàá orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Ó tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní kó jẹun, "nítorí tí ọ̀nà náà jìn fún ọ." Lẹ́yìn ìyẹn ló tó rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́ kékeré.

Mo ti rí àwọn ìyá tí wọ́n gbé wá sí wọ́ọ̀dù lẹ́yìn ààwẹ̀, tí ṣúgà ara wọn ti já wálẹ̀ débi pé wọn kò mọ orúkọ ọmọ wọn mọ́. Ààwẹ̀ dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n Màmá, ṣé ẹ ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ìgbà wo lẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò gbẹ̀yìn?

Olórin_Ìperu | 1:14 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Oorun kò tó, òótọ́ ni. Màá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́sẹ̀ yìí.

Arákùnrin Ìkẹ́nnẹ́, mo ti wá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Mo kọ wọ́n sínú ìwé, láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Mo tilẹ̀ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin kan tí mo bá jà nítorí omi ẹ̀rọ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn; kò tiẹ̀ rántí mi mọ́. Mo gbààwẹ̀ náà pẹ̀lú. Ibi tí mo wà kí n tó bẹ̀rẹ̀ náà ni mo wà nígbà tí mo parí.

Olùkọ́_Òdógbolú | 4:40 ìrọ̀lẹ́

Màmá, ọ̀rọ̀ wíwá ẹ̀ṣẹ̀ kiri yẹn ló gbé mi dìde. Ẹni tó ṣẹ̀ gan-an nínú Bíbélì, tí gbogbo wa mọ ìtàn rẹ̀, ni Dáfídì. Ṣé wòlíì Nátánì sọ fún un pé kó lọ máa wá ẹ̀ṣẹ̀ kan rí nínú ayé rẹ̀? Rárá. Ó ní, "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Ó dárúkọ ohun tó ṣe, ó dárúkọ ẹni tó ṣe é sí. Bí Ẹ̀mí Mímọ́ bá fẹ́ bá ènìyàn wí, ó máa ń sọ̀rọ̀ tó yéni. Ẹ̀bi tí kò lórúkọ, tó kàn ń fa ènìyàn lọ fa ènìyàn bọ̀ fún ọdún kan, n kò gbà pé ọwọ́ Nátánì ló ti wá.

Sáàmù tí Dáfídì wá kọ, èdè rẹ̀ dùn mọ́ mi, Yorùbá sì ni iṣẹ́ mi nílé ẹ̀kọ́. Ẹ wo ẹsẹ kẹwàá Sáàmù 51: "Dá àyà tuntun sínú mi, Ọlọ́run, kí o sì tún ọkàn dídúróṣinṣin ṣe sínú mi." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe méjèèjì. "Dá" àkọ́kọ́ yẹn, òun náà ló wà ní Jẹ́nẹ́sísì 1:1, "Ní àtètèkọ́ṣe Ọlọ́run dá ọ̀run òun ayé." Nínú Hébérù pàápàá, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbi méjèèjì, bara, Ọlọ́run nìkan ni Bíbélì sì máa ń sọ pé ó ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, tí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884, ní etí. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìkejì ni "tún ṣe". Kí là ń tún ṣe? Ilé tó ti wà. Òrùlé tó ń jò. Odi tó sán. Kò sẹ́ni tó ń tún ohun tí kò sí ṣe. Aísáyà 40:31 lò ó bákan náà: àwọn tí ó bá dúró de Olúwa "yóò tún agbára wọn ṣe." Ẹ̀yin tí ẹ jí ní kùtùkùtù láti kọ ọ́ fún wa pé ẹ kò fẹ́ fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, ilé yín ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá_Gàrí (Ìjẹ̀bú-Igbó) | 8:22 alẹ́

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Èmi kò kàwé bí Olùkọ́, gàrí ni mò ń ṣe láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ.

Bí a bá lọ pákí tán, a ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó di ẹnu rẹ̀, a ó gbé òkúta lé e. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, ìgbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé a ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ojú lè rí, omi ló kàn ń ro tó, tó, tó sílẹ̀, omi náà sì ń rùn. Ṣùgbọ́n abẹ́ òkúta yẹn ni kíkan gàrí Ìjẹ̀bú ti ń wá. Èyí tí wọ́n bá kánjú gbé ka agbada, ẹ ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu bí ẹ bá da omi sí i.

N kò ní kí òkúta dùn mọ́ yín o. Èmi náà ti wà lábẹ́ rẹ̀, kò dùn. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé òkúta wo ni? Ẹ ní ó ti lé ní ọdún kan. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà náà?

Olórin_Ìperu | 11:57 alẹ́

Ìyá wa, ẹ bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Mo tẹ èsì yìí nígbà mẹ́ta, mo pa á rẹ́ nígbà mẹ́ta.

Ìyá mi ló kú.

Mo ń darí àwọn akọrin nígbà ìṣọ́ òru, mo tún darí wọn lọ́jọ́ ìsìnkú. Orin tí màmá fẹ́ràn, èmi ni mo dá a, mo sì kọ ọ́ já. Kí a tó gbé pósí jáde, àgbàlagbà kan nínú ìjọ tẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní kí n má sunkún o, àwọn ọmọ akọrin ń wò mí. N kò sunkún. Gbogbo ènìyàn ní, "Ẹ wo ìgbàgbọ́!" Lọ́jọ́ Ìsinmi a ṣe ìdúpẹ́, aṣọ funfun ni mo wọ̀. Lọ́jọ́rú mo ti wà níbi ìdánrawò orin. N kò tíì sunkún títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Ọlọ́run mọ̀ pé n kò mọ̀.

Orí_Òkè_Àdúrà (Ìkẹ́nnẹ́) | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 àárọ̀

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ forí jì mí. Mo ti dáhùn kí n tó bèèrè. Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi bá a jókòó lórí ilẹ̀ láìsọ ohunkóhun kí wọ́n tó la ẹnu wọn. Èmi kò fún yín ní ìṣẹ́jú méje.

Òkè tí mo gùn ní 2016, bàbá mi ló ń ṣàìsàn. Ẹ̀rù ló gbé mi gun orí òkè. Bàbá kú. N kò sọ ìyẹn lánàá. Ó yẹ kí n sọ ọ́.

Bàbá_Ìjẹ̀bú_Òde | 9:10 àárọ̀

Ẹ kú ẹ̀dùn ọkàn, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ilẹ̀ wa kan, torí mo rí i pé ọ̀rọ̀ yín ti wà ní Ìjẹ̀bú kí a tó bí yín.

Ìjẹ̀bú ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run fún ọdún púpọ̀. Ogun Ìmàgbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, ní oṣù karùn-ún 1892, ló fi ipá ṣí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ wọ ilé ìjọsìn. Ìwé kíkà wà níbẹ̀, ipò wà níbẹ̀, ayé tuntun wà níbẹ̀. Àga kún. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré lẹ́yìn náà, ní 1918, àrùn lùkúlùkú (influenza) jà káàkiri ayé, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Òkú sùn lọ bẹẹrẹ.

Ọkùnrin kan wà ní ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, tí wọ́n ń pè ní Daddy Ali. Òun ló ń tọ́jú ilé ìjọsìn náà. Ó lá àlá pé ìjọ pín sí méjì: apá kékeré wà nínú ìmọ́lẹ̀, apá ńlá wà nínú òkùnkùn, àwọn tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ sì ni àwọn tó ń gbàdúrà. Ó sọ ọ́ jáde. Àwọn díẹ̀ kóra jọ pẹ̀lú J. B. Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, láti máa gbàdúrà. Sophia Odunlami, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe tíṣà, tí lùkúlùkú ti dá dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀, wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n kúrò ní ìjọ Áńgílíkà ní 1922, nítorí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọdé àti ọ̀rọ̀ oògùn. Odò tó ṣàn láti ibẹ̀ ló wá di ara Ìjọ Àpọ́sítélì Kírísítì lónìí.

Áńgílíkà ni èmi, n kò sì fara mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ni nípa oògùn. Nọ́ọ̀sì wa yìí, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, Ọlọ́run ń lò yín. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ìjọ tó kún dẹ́dẹ́, tí orin rẹ̀ ń dún, ni ọkùnrin yẹn rí òkùnkùn nínú rẹ̀, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí a gbàdúrà. Nígbà tí ẹ kọ̀wé pé àmù ti gbẹ, ìjọ kan ni ẹ̀yin náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń jókòó sínú rẹ̀ tí a ń pe àmín.

Ọmọ_Ògèrè | 7:48 alẹ́

Mo ti délé. Mo ṣèlérí pé màá padà wá.

Ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní Èkó tí mo padà sílé ni tèmi ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fún mi ní ẹsẹ Bíbélì tó dùn, ó ń ta mí bí ata. Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni Sáàmù 88. Ẹni tó kọ ọ́ ń ké pe Ọlọ́run lọ́sàn-án àti lóru, ó ní ọkàn òun kún fún ìpọ́njú, ó bi Ọlọ́run léèrè ìdí tó fi ń pa ojú mọ́ fún òun. Mo ń kà á lọ, mo ń dúró de "ṣùgbọ́n" tó máa ń wà nínú Sáàmù mìíràn. Kò dé. "Òkùnkùn" ló parí sí. Wọ́n sì fi í sínú Bíbélì bẹ́ẹ̀, wọn kò tún ìparí rẹ̀ ṣe.

Màmá, ẹ lọ ka àkọlé tó wà lókè rẹ̀. Fún olórí akọrin ni.

Olórin_Ìperu | Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà, 6:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka "fún olórí akọrin" yẹn, n kò lè dáhùn.

Mo lọ ṣí àpótí màmá. N kò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ ìsìnkú. Òórùn kàǹfọ̀ gbá mi lójú. Bíbélì rẹ̀ wà lábẹ́ àwọn ìró, ó fi gèlè àtijọ́ kan wé e. Epo pupa ti ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ibi tó ń fi àtàǹpàkò dì mú ti dúdú. Mo ka Sáàmù 88 sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ mo ní kí n wo Sáàmù Olùkọ́. Ní ẹsẹ kejìlá, "Mú ayọ̀ ìgbàlà rẹ padà tọ̀ mí wá," màmá fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ pẹ́ńsù náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ó kọ "1987." Kò kọ ohun mìíràn.

Ìyá mi, tí gbogbo ìjọ ń pè ní òpó àdúrà. Òun náà ti bèèrè kí a dá ayọ̀ rẹ̀ padà.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Mo sunkún títí ọmọ tó ń gbé yàrá kejì fi wá kanlẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù | 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ sun ún, Màmá. Ẹ sun ún dáadáa. Ẹ mu omi lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá_Gàrí (Ìjẹ̀bú-Igbó) | 8:01 alẹ́

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1987? Ẹ lọ béèrè.

Olórin_Ìperu | Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Mo lọ béèrè. Àbúrò màmá wà ní Ìlíṣàn, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo fi Bíbélì náà hàn án, ó wo ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní màmá bí ọmọ kan lẹ́yìn mi, ọmọ náà kò lo oṣù mẹ́ta láyé. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà.

Àǹtí ní fún nǹkan bí ọdún kan, màmá kò lè jókòó nínú ìsìn. Ó máa ń dé ẹnu ọ̀nà, á padà. Kò lè kọrin, kò lè ṣe àmín. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé, bí ó bá ku òun nìkan, ó máa ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn, á sì gbá a láti iwájú pẹpẹ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún Àǹtí pé, "N kò rí nǹkan kan bá a sọ, ṣùgbọ́n mo lè gbá ilé rẹ̀."

Ẹ̀yin ará, mo rántí! Mo máa ń tẹ̀lé e. Mo máa ń ré kọjá lábẹ́ àga bí ó ti ń gbálẹ̀. Ilé òfìfo ńlá náà, ariwo ìgbálẹ̀, eruku nínú oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Ní ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ó ń kùn orin kan lábẹ́ ẹ̀mí. Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Mo ti sọ fún ìjọ pé kí ẹlòmíràn máa dá orin títí ọdún yóò fi parí. Àwọn kan bínú. Mo gba kọ́kọ́rọ́. Lánàá ni mo kọ́kọ́ gbálẹ̀ níbẹ̀. N kò gbọ́ ohùn kankan. Ìgbẹ́ alángbá pọ̀ lábẹ́ pẹpẹ, ẹ̀yìn ń dùn mí. Nígbà tí mo dé àárín, mo dúró, mo sọ fún Ọlọ́run pé àárò ìyá mi ń sọ mí. N kò sọ ohun mìíràn. Ó lé ní ọdún kan tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún un tó jẹ́ tèmi gbẹ̀yìn.

Màá tún lọ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ọmọ_Ògèrè | 9:34 alẹ́

Aago mélòó, Màmá? Ògèrè sí Ìperu kò jìn. Mo ní ìgbálẹ̀ méjì.